Wọ́tà hítà kékeré nílé: bí ẹ ṣe máa yàn án, so ó, lò ó, tọ́jú rẹ̀

Wọ́tà hítà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni táńkì kékeré funfun tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀, tó ní iná pupa bíńtín níwájú, tó ń lo iná mànàmáná. Ti lítà 10, 15, 30 àti 50 ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe èèyàn ní jàǹbá. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi so ó, áàtì (wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) tí kò sí, àti fáàfù ààbò tí wọ́n dí lẹ́nu ló ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí màá fi sọ fún ẹnikẹ́ni tí owó ọwọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n pé kó ra hítà kékeré, kó ná owó tó ṣẹ́kù sórí wáyà, áàtì àti oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́.

Lítà mélòó ló tó yín?

Àwọn tó ń ra ti lítà 50 máa ń rò pé omi inú táńkì yẹn ni gbogbo omi tí àwọn máa fi wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí hítà bá ti gbóná tán, omi inú rẹ̀ lè tó 60°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó lè da irú omi yẹn sára. Ṣe lẹ máa fi omi tútù là á. Omi táńkì orí ilé wa sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 27°C, àfi láàárọ̀ ọyẹ́ tó máa ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi nǹkan bíi lítà 23 omi tútù la lítà 15 tó gbóná dé 60°C, ẹ ó rí lítà 38 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà ní 40°C. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún korobá onílítà 20 méjì. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó gan-an, á dín díẹ̀ sí i, torí bí omi gbígbóná ṣe ń jáde ni omi tútù ń wọlé rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì ń dà pọ̀.

Nítorí náà, tọkọtaya tó ń fi korobá àti ife wẹ̀ kò nílò ju lítà 15 lọ. Ilé tí àwọn ọmọ mẹ́ta ń múra ilé ìwé láago mẹ́fà àárọ̀ lè gba ti lítà 30. Ti lítà 50, ẹni tó ń dúró lábẹ́ ṣáwà fún ìgbà pípẹ́ ni mo mọ̀ pé ó yẹ, ìyẹn tí owó iná kò bá dùn ún.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di owó. Láti gbé lítà 15 láti 27°C dé 60°C, hítà á jẹ nǹkan bíi 0.58 yúníìtì. Èyí tó jẹ́ 1500W, tó wọ́pọ̀ jù, á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 23. Lítà 50 á jẹ nǹkan bíi 1.9 yúníìtì, á sì gba wákàtí kan àti nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn máa ń pẹ́ jù lójúmọ́, dé naira 225. Tí a bá fi iye yẹn ṣírò, lítà 15 jẹ́ nǹkan bíi naira 130 lẹ́ẹ̀kan, lítà 50 sì lé ní naira 430. Ẹni tó ń gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ á ná bíi naira 3,900 lóṣù lórí ti kékeré, á sì ná bíi 12,900 lórí ti ńlá, bóyá ó lo omi náà tán tàbí kò lò ó tán. Bí owó yúníìtì tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi iye tó wà lórí rìsíìtì mítà yín rọ́pò 225.

Iná: ibi tí ẹ kò ti gbọ́dọ̀ ṣọ́wó ná

Hítà 1500W ń fa nǹkan bíi áńpíà 6.5. Ó lè má dà bíi pé ó pọ̀, àmọ́ kì í ṣe fífà ìṣẹ́jú kan. Ó lè fi ogún ìṣẹ́jú tàbí ju wákàtí kan lọ fà á, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wáyà 1.5mm tí wọ́n fi ń fa gílóòbù kò yẹ fún un. Wáyà 2.5mm tó jẹ́ bàbà gidi ni kí wọ́n fà, láti ara búrékà tó jẹ́ ti hítà nìkan (16A tàbí 20A) lọ tààrà sí súìṣì rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó wáyà, ẹ bẹ ẹnu rẹ̀, ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn okùn inú rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára ni. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Súìṣì hítà kì í ṣe súìṣì gílóòbù. Ti 20A ni, irú èyí tó ń gé wáyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní iná pupa tó ń fi hàn pé ó wà lórí. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ gé méjèèjì ni pé lọ́pọ̀ ilé, wọ́n ti gbé láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá) sí ojú niútúrà (èyí tó ń gbé e padà) láti ara òpó tàbí láti ara mítà, kò sì sí ẹni tó mọ̀. Bí súìṣì bá gé ẹyọ kan, hítà lè dà bíi pé ó ti kú, kí iná sì ṣì wà nínú rẹ̀. Ìta ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ ni kí wọ́n fi súìṣì yìí sí. Kí ẹnikẹ́ni má fa ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n wọnú ilé ìwẹ̀ nítorí hítà.

Ó wá kan áàtì, níbi tí mo fẹ́ ká ti dúró díẹ̀.

Nínú hítà, ẹlimẹ́ǹtì tó ń gbé omi gbóná jẹ́ wáyà tó gbóná gan-an tí wọ́n fi sínú ọ̀pá irin kékeré, tí nǹkan bí ìyẹ̀fun sì yí i ká kí iná má kan irin. Bó ti ń gbó, ọ̀pá náà lè sán. Níbi tó ti sán, iná á bọ́ sínú omi àti sára táńkì. Bí áàtì bá wà, iná yẹn á gba ibẹ̀ lọ sílẹ̀, búrékà sì lè já. Bí kò bá sí, iná á dúró níbẹ̀ títí ẹni tí ara rẹ̀ tutù, tó dúró lórí táìlì tó tutù, á fi na ọwọ́ sí táàpù. Ara ẹni yẹn ni iná á gbà lọ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa bi oníṣẹ́ iná nìyí, kí ẹ sì jẹ́ kó fi hàn yín lójú: Níbo ni ọ̀pá bàbà áàtì ilé yìí wà? Wáyà áàtì tó jẹ́ aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ṣé ó dé inú súìṣì hítà? Ṣé ó dé ara irin hítà fúnra rẹ̀? Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò túmọ̀ sí pé áàtì wà. Mo ti rí ilé tí ẹsẹ̀ kẹta ti wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́sítà oníná pupa tí wọ́n ń fi sí àpò kò lè sọ fún yín bóyá áàtì dára. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn áàtì ló lè sọ ọ́. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ tó gbẹ kì í gba iná dáadáa, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi èédú àti iyọ̀ yí ọ̀pá náà ká, tí wọ́n sì máa ń ní kí onílé máa da omi sí i.

Àwọn kan máa ń so wáyà áàtì mọ́ niútúrà láti fi rẹ́ yín jẹ. Tẹ́sítà kò ní fi nǹkan kan hàn, gbogbo rẹ̀ á sì dà bíi pé ó dára. Lọ́jọ́ tí niútúrà bá já lórí òpó NEPA, gbogbo ara hítà, àti gbogbo ohun onírin tó so mọ́ áàtì nínú ilé, á di láìfù. Bí oníṣẹ́ iná bá dábàá èyí fún yín, ẹ wá ẹlòmíràn.

Lórí gbogbo èyí, ẹ ní kí wọ́n fi búrékà tó ń ṣọ́ jíjò iná sí i, èyí tí wọ́n máa ń pè ní ELCB tàbí RCCB. Ti 30mA ni kí ẹ béèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi iná tó jáde wé èyí tó padà wá. Bí ó bá rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti gba ibòmíràn lọ, á já kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ó ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ T sí lára. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí kò bá já, ó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Gbígbé e kọ́ ògiri àti páìpù

Hítà onílítà 15 tí omi ti kún inú rẹ̀ lè wọn ju kílò 20 lọ, ti 50 á sì lé ní 60. Búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, nítorí náà ìṣó lásán kò lè gbé e. Kí wọ́n lo bóòtù tó ń wú nínú ògiri, bí ó bá sì ṣe ti lítà 50 ni, kí wọ́n fi kọnkéré dí ihò búlọ́ọ̀kù ibi tí bóòtù máa wọ̀.

Ẹnu tó ní àmì aláwọ̀ búlúù ni omi tútù ń gbà wọlé. Ti pupa ni omi gbígbóná ń gbà jáde. Páìpù PVC funfun tí a ń lò fún omi tútù máa ń rọ̀ bí omi bá ti tó 60°C, oríkèé rẹ̀ á sì já nígbà tí kò sí ẹni nílé. PPR, aláwọ̀ ewé tàbí funfun tó nípọn tí wọ́n máa ń fi iná jó pọ̀, ló yẹ kó gbé omi gbígbóná.

Fáàfù ààbò, ìyẹn irin kékeré tó ní ọwọ́ tí a lè gbé sókè, ojú omi tútù ni wọ́n ń fi sí. Ó sábà máa ń wà nínú páálí hítà. Bí púlọ́ńbà bá gbé e jù sí ẹ̀gbẹ́ kan pé kò pọn dandan, ẹ ní kó gbé e wá kó fi í sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́: omi ṣáájú iná

Kí ẹnikẹ́ni tó tan súìṣì, ẹ rí i pé táńkì orí ilé ní omi. Ẹ ṣí fáàfù omi tútù tó ń lọ sínú hítà. Ẹ wá ṣí táàpù omi gbígbóná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Á kọ́kọ́ máa fẹ́ atẹ́gùn, á máa hó pọ́kọ́pọ́kọ́, omi á máa já lóríṣiríṣi. Ẹ ní sùúrù títí omi á fi máa ṣàn geere láìsí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni táńkì hítà kún. Ẹ ti táàpù, ẹ wo gbogbo oríkèé páìpù bóyá ó ń jò, kí ẹ tó wá tan iná.

Ẹlimẹ́ǹtì tí kò sí nínú omi kì í pẹ́ jóná rárá. Bí omi bá ti tán lórí ilé, tí ẹ kò sì rí ẹni tó máa tan pọ́ńpù bọ́hóòlù, ẹ má tan hítà. Nígbà mìíràn, omi inú rẹ̀ máa ń fà padà bí fáàfù rẹ̀ bá ti bàjẹ́. Ẹ tún ṣe ètò ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí omi bá ti dé.

Lójoojúmọ́

Ẹ tan án ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó wẹ̀. Bí iná pupa ara rẹ̀ bá kú, omi ti gbóná tán. Ẹ pa súìṣì kí ẹ tó wọlé wẹ̀. Ilé tí áàtì àti ELCB rẹ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò èyí, àmọ́ mélòó nínú wa ló lè búra pé áàtì ilé òun pé? Omi náà kò ní tutù kí ẹ tó wẹ̀ tán.

Ẹ má fi í sílẹ̀ ní títàn láti àárọ̀ dalẹ́. Bó ti wù kí ara táńkì nípọn tó, ooru ń jáde lára rẹ̀, á sì máa tún ara rẹ̀ tàn léraléra láti fi dí èyí tó jáde, nígbà tí gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó wà lórí, ẹ pa súìṣì. Nígbà tí NEPA bá dá a padà, agbára rẹ̀ lè ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè jẹ́ àárín òru, tí ẹ kò rántí pé nǹkan kan wà lórí.

Bí ó bá ń pẹ́ kó tó gbóná, ẹ má tíì sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wo bí iná ṣe rí. Bí 230 fóòtì bá rẹlẹ̀ sí 160, hítà 1500W kò ní ṣe ju nǹkan bíi 730W lọ, ìyẹn kò tó ìdajì. Ìṣẹ́jú 23 á di ìṣẹ́jú 48. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, sùúrù ló ń gbà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé hítà. Ìnfátà lè gbé e, bí ó bá tóbi, àmọ́ lítà 15 kan ṣoṣo á jẹ apá tó pọ̀ nínú bátìrì tí ẹ fẹ́ fi wo tẹlifíṣọ̀n àti tan fáànù mọ́jú. Gáàsì àti ìkòkò dára jùyẹn lọ lọ́jọ́ tí kò bá sí iná.

Ẹ yí bọ́tìnnì ooru rẹ̀ sí nǹkan bíi 60°C, bí ó bá ní in. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, tí omi sì ń dúró nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, lè pọ̀ níbẹ̀, torí láàárín 20°C sí 45°C ló ti ń gbèrú. Tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, ẹ gbé e kaná dé òkè, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ kí ẹ tó wẹ̀.

Ṣùgbọ́n 60°C náà ló ń bó awọ. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó fún àgbàlagbà láti jóná, ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ po omi ìwẹ̀ ọmọ, omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú bàsíà, kí ẹ wá máa fi ti gbígbóná kún un, kí ẹ dà á pọ̀ dáadáa, kí ẹ fi ìgúnpá wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń fọṣọ, tó ń gún iyán, kì í tètè mọ omi tó gbóná. Bí omi bá bó ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20. Kí ẹnikẹ́ni má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín kùn ún. Ẹ wá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Omi tó ń kán lára fáàfù

Ó máa ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra hítà. Bí omi bá gbóná, ó máa ń fẹ̀. Lítà 15 tó ti 27°C dé 60°C á pọ̀ sí i ní nǹkan bíi 0.2 lítà, bíi ife kékeré kan. Táńkì irin tó ti kún kò ní ibi tó máa fi í sí, nítorí náà fáàfù á jẹ́ kó máa kán jáde. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lọ sínú ihò omi ìdọ̀tí, ó parí. Bí ó bá ń kán nígbà tí hítà wà ní pípa, tí ó sì tutù, ìdọ̀tí ti há sí fáàfù lẹ́nu tàbí kó ti bàjẹ́.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìṣó àti ọ̀rá dí ihò yẹn kí ilẹ̀ má bàa tutù. Bí tẹmositáàtì, ìyẹn ohun tó ń gé iná bí omi bá ti gbóná tó, bá wá há lọ́jọ́ kan, tí èyí kejì tó yẹ kó gé iná nígbà náà kò sì gé e, omi á gbóná kọjá 100°C láìrí ibi tú jáde. Táńkì tó bú gbàmù nírú ipò yẹn lè wó ògiri. Ẹ máa gbé ọwọ́ fáàfù náà sókè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí omi díẹ̀ tú jáde, kí ó má bàa lẹ̀ mọ́ra.

Fífọ inú rẹ̀

Omi bọ́hóòlù ló ń pinnu bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́ tó. Ní agbègbè Ṣàgámù àti Ewékorò, tí òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì pọ̀ nínú ilẹ̀, nǹkan funfun líle máa ń bo ẹlimẹ́ǹtì. Níbi tí omi ti ń pọ́n korobá lójú, ìpẹtà ni ẹ máa bá nísàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó fún ọ̀pọ̀ ilé; oṣù mẹ́fà fún àwọn tí omi wọn burú.

Ẹ gé búrékà rẹ̀ lulẹ̀, kì í ṣe súìṣì nìkan. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ ti omi tútù, ẹ ṣí táàpù omi gbígbóná kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ẹ wá gbé ọwọ́ fáàfù kí omi inú rẹ̀ ṣàn jáde. Oníṣẹ́ á wá tú bóòtù ẹlimẹ́ǹtì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá magnésíọ̀mù wà: òun ni ìpẹtà ń jẹ dípò táńkì. Bí ó bá ti ku ọ̀pá wáyà inú rẹ̀ nìkan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lára owó hítà. Ẹ fi igi tàbí aṣọ nu nǹkan líle ara ẹlimẹ́ǹtì, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Rọ́bà wáàṣà tuntun ni kí wọ́n fi dè é padà, kí ẹ sì tún fi omi kún un bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀

Bí ẹ bá fọwọ́ kan táàpù tí ó ta yín pẹ́ẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ẹ pa búrékà, kí ẹ má sì tún tan án títí oníṣẹ́ iná fi dé. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bákan náà ni bí súìṣì rẹ̀ bá ń gbóná, bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó, bí ìró bíi pé omi ń hó bá ń jáde nínú rẹ̀, tàbí bí ELCB bá ń já gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ELCB kúrò torí pé ó ń da àwọn láàmú. Bí iná bá gbé ẹnì kan nínú ilé ìwẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Búrékà ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ gé.

Oríkèé páìpù tó ń jò ní àtúnṣe. Bí ó bá jẹ́ pé láti ara irin táńkì fúnra rẹ̀ ni omi ti ń yọ, tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú tí ó sì ń pọ́n, kò sí fífi iná jó o pọ̀ tó máa pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ gé iná àti omi kúrò lára rẹ̀, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra ààlòkù irin. Kí púlọ́ńbà má sì tú fáàfù ti àtijọ́ kúrò lára rẹ̀ láti fi sára tuntun.